Mo ti rí ìdí tí káàdì mi ò fi dá 5% padà

Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí pé mo bi yín lóṣù tó kọjá pé kí ló dé tí káàdì gbèsè (credit card) tí wọ́n ní á máa dá 5% owó tí mo bá ná sórí oúnjẹ padà fún mi ò fún mi ju 1% lọ. Mo pe báńkì, àṣé gbogbo oṣù mẹ́ta mẹ́ta lèèyàn gbọ́dọ̀ tẹ activate kí 5% náà tó ṣiṣẹ́, mi ò tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ibi tí mo ti ń ra ìrẹsì àti adìẹ, torí wọ́n ń ta táyà àti aṣọ mọ́ ọn, wọn ò kà á sí súpámákẹ́ẹ̀tì. Mo ti yí ibẹ̀ padà, mò ń ná $400 lóṣù, $20 sì ń padà wọlé, àmọ́ $1,500 lòpin ìnáwó tí wọ́n ń dá 5% padà lé lórí láàárín oṣù mẹ́ta. Epo mọ́tò àti ìyókù wà lórí káàdì 2%.

Èyí tó dùn mí jù ni $1,000 tí mo jẹ sílẹ̀ lórí káàdì lóṣù kan, èlé 24% lọ́dún, nǹkan bíi $20 ló gbé lọ, gbogbo èrè mi nìyẹn! Báńkì ló ń yọ gbogbo owó tí mo bá jẹ lórí káàdì fúnra ẹ̀ báyìí.

Ẹ ṣeun gan-an, pàápàá ẹni tó ní kí n yẹ statement (àkọsílẹ̀ ìnáwó orí káàdì) wò.