Oṣù tó ń lé, oṣù tó ń wọ̀: kí ló ti fi hàn yín rí?

Ẹ̀yin ará, a kú oṣù tuntun o. Oṣù yìí á san wá sówó, á san wá sí àlàáfíà. Ẹnìkan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà, obìnrin òyìnbó kan ló ń kọ́ àwọn èèyàn pé bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sínú ìwé. Bó bá di àrànmọ́jú, kí wọ́n dáná sun ohun tí wọn ò fẹ́ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá mi àgbà kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, àmọ́ kò sí oṣù tó lé tí kì í bọ́ síta, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, á ní, "Oṣù tuntun, mo rí ọ tayọ̀tayọ̀, má fi ẹkún bá mi." Á wá máa dárúkọ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó tó wọlé lọ jẹun. Ẹ sọ tiyín nípa òṣùpá. Ohun tí ojú yín rí ni o, kì í ṣe ohun tí ẹ kà.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú etí òkun tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò kàlẹ́ńdà. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti bó bá di rogodo, òkun á kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, á sì tún fà sẹ́yìn jìnnà. Bí òṣùpá bá ku ìdajì, omi á rọ̀. Tíṣà wa ṣàlàyé pé oòrùn àti òṣùpá ló jọ ń fa omi lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tó bá kún bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kò dé kíláàsì yẹn, ṣùgbọ́n bí òṣùpá bá ti ń kún bọ̀, á ní ká gbé àpò gàrí kúrò nílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ká fi okùn méjì so ọkọ̀ mọ́ òpó.

Ilé tí wọ́n bí mi sí ti wà nínú òkun báyìí. Mi ò sọ àsọdùn. Ibi tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ta ayò, ọkọ̀ apẹja ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ìlú náà díẹ̀díẹ̀, àmọ́ òru tó ń bù ú jẹ jù lójú tèmi ni òru òṣùpá rogodo tí ìjì bá tún bá a rìn. Lóru tí yàrá ìyá mi wó, òṣùpá mọ́lẹ̀ débi pé mo ń rí ihò ìṣó lára pákó tí omi ń gbé lọ. Àwọn ìyá ń kọrin, wọ́n sì ń kó ẹrù, orin ò dá ẹrù dúró.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá mo ṣì ń wo òṣùpá gbàdúrà. Mò ń wò ó. Ẹni tó dá a ni mò ń bẹ̀, pé kó bá wa dá omi náà lẹ́kun. Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣùpá rogodo ló ń gbé oríire wá, ẹ wá sun ọ̀dọ̀ wa lóru ọjọ́ kan.

Ọmọ Ọdẹ, Òkè-Ògùn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á dá a padà fún yín.

Lọ́dọ̀ tiwa, òkùnkùn lọjọ́ ire. Bàbá mi kì í ṣọdẹ lóru òṣùpá, ẹran á ti rí ọ kó o tó rí i. Nítorí náà, ìgbà àrànmọ́jú nìkan la máa ń rí wọn nílé lálẹ́. Wọ́n á jókòó síta, wọ́n á máa fi òróró nu ìbọn, wọ́n á wá máa sun ìjálá fún wa: ti ẹfọ̀n, ti erin, oríkì ilé wa. Gbogbo ìjálá tí mo mọ̀ lónìí, òru òṣùpá ni mo ti kọ́ ọ. Ká ní òṣùpá kì í yọ ni, bóyá ni mi ò bá fi mọ bàbá mi dáadáa.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Wọ́n sọ fún wa ní kékeré pé ọkùnrin inú òṣùpá yẹn la igi lọ́jọ́ Àìkú, ló jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀. Bàbá mi ní irọ́ ni, Awólọ́wọ̀ ni. Ṣé ẹ rántí pé ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yorùbá ń sọ pé àwọn rí Awólọ́wọ̀ nínú òṣùpá? Bàbá mi rí i tòun ti fìlà àti awò ojú, wọ́n sì búra bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Èmi wò ó, wò ó, igi náà ni mò ń rí.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ní gbogbo wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n á ní bí òṣùpá bá di rogodo, ká má retí oorun, aláboyún á ya dé. Ọjọ́ kan ni mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìbímọ jáde, mo tò ó ti kàlẹ́ńdà òṣùpá níwájú àwọn tó ń bá mi jiyàn. Kò sí ìyàtọ̀. Àwọn onímọ̀ tó ti ṣe irú rẹ̀ lókè òkun lórí ọ̀kẹ́ àìmọye ìbímọ náà kò rí ìyàtọ̀ kan gúnmọ́. Òru tí òṣùpá mọ́lẹ̀ tọ́wọ́ wa dí la máa ń rántí. Ti inú òkùnkùn, a ti gbàgbé rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Obìnrin kan ti abúlé wá, kò rántí ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. A bi í títí, ó kàn ń wo ilẹ̀ ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tú igbá kékeré kan sórí tábìlì mi, èkùrọ́ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí òórùn irú ti ń lé ìyàwó ọmọ àwọn jáde ní ilé ìdáná, gbogbo oṣù tó bá lé làwọn ń ju ẹyọ kan síbẹ̀. Èmi àti dókítà ṣe ìṣirò rẹ̀, a wá ya àwòrán inú ikùn. Èkùrọ́ màmá àti ẹ̀rọ, ìyàtọ̀ wọn kò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ìdí rẹ̀ rèé. Láti ìgbà tí oṣù bá lé títí tí òmíràn á fi lé, ọjọ́ 29 àtààbọ̀ ni, ó lé díẹ̀. Ìlọ́po mẹ́sàn-án rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ 266. Iye yẹn gan-an làwa náà ń kà bó bá jẹ́ ọjọ́ tí oyún dúró la ti bẹ̀rẹ̀; 280 tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú káàdì, ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó kẹ́yìn la ti kà á wá. Oṣù mẹ́sàn-án ti kàlẹ́ńdà ara ògiri ló fi bí ọ̀sẹ̀ kan gùn jù. Àwọn ìyá wa ò ṣìṣirò.

Oyún ti bàjẹ́ lára ìyàwó yẹn rí. Màmá ní báwọn bá ti ń ju èkùrọ́ sínú igbá, àwọn á ní, "Ọmọ mi, òmíràn tún ti lé, dúró." Ọmọ náà dúró, obìnrin ni, àwa la gbẹ̀bí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ìyẹn, mi ò ní ìwé àkọsílẹ̀ kankan tí màá gbé jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Aǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ìyá mi àgbà kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé ọdún tí òṣùpá dí oòrùn lójú lọ́sàn-án gangan ni wọ́n bí wọn. Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1947 nìyẹn. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta 2006, kò ṣókùnkùn pátápátá lọ́dọ̀ wa, àmọ́ màmá jókòó síta, wọ́n ní, "Ẹgbẹ́ mi ló dé yẹn."

Alfa, Ìwó

Ẹ wá dúró tì wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 Ṣàbánì, oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, kẹ́ ẹ rí bí àgbàlagbà ṣe ń na ọrùn wá òṣùpá tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn. Bí kùrukùru bá bò ó, a ó ka ọgbọ̀n pé. Nílé wa, àwọn kan ń dúró de ìkéde Súńtàánì Ṣókótó, àwọn kan ti Saudi, ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ méjì rí lábẹ́ òrùlé kan náà. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ rèé. Ọdún tiwa tí a ń fi òṣùpá kà fi bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti kàlẹ́ńdà, ìyẹn ni ààwẹ̀ fi ń rìn. Ní 1998, inú ọyẹ́ ló bọ́ sí, ètè ń là. Ní 2013, òjò ni, oṣù Keje. Ní 2024, inú ooru oṣù Kẹta, tí itọ́ ò sí lẹ́nu tó bá di ìrọ̀lẹ́. Bí ọdún 33 ló ń gbà kó tó yí po.

Inú ààwẹ̀ oṣù Kejìlá 1998 ni bàbá mi kú. Látìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń rántí wọn. Ọyẹ́ á mú wọn wá, màá gbóhùn ikọ́ wọn. Ààwẹ̀ á tún mú wọn wá nígbà tirẹ̀, màá rántí abọ́ ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ṣínu. Ìgbà kan wà tí méjèèjì jìnnà síra fún bí oṣù mẹ́fà, ó ń ṣe mí bí ẹni pé bàbá méjì ni mo sìnkú. Wọ́n ti ń sún mọ́ra padà báyìí. Ní 2030, ààwẹ̀ á bọ́ sí oṣù Kìíní, á tún bọ́ sí ìparí oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹ bá mi ṣàmín kí n ṣojú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Àmín o, Alfa. Ààwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kan! Owó sààrì ńkọ́? Ṣé ọdún Ìtúnu náà á di méjì?

Alfa, Ìwó

Ẹyọ kan ṣoṣo ni, màmá. Ìtúnu kejì á bọ́ sí 2031. Aṣọ kan lẹ máa rán.