Lẹ́ńsì wo ni kí n rà kún 63mm lórí kámẹ́rà GFX?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ayàwòrán, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Mo ra kámẹ́rà Fujifilm GFX 50S II àlòkù pẹ̀lú lẹ́ńsì GF 63mm f/2.8. Ẹ wo àwòrán tí mo yà lọ́jà ẹja Olúwo yìí, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú dáadáa: ìpẹ́ ẹja tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ màmá yẹn ṣeé kà! Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà) tó jẹ́ 44 × 33mm kì í ṣe ẹgbẹ́ ti fóònù.

Àmọ́ 63mm yìí ń ríran bíi 50mm ti full frame (kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36 × 24mm). Tí mo bá fẹ́ ya ojú nìkan, àfi kí n sún mọ́ èèyàn jù, àwọn ìyálọ́jà ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ti da omi ẹja sí mi lẹ́sẹ̀ rí. (Mo jẹ̀bi, mi ò tọrọ àyè.)

Lẹ́ńsì 110mm f/2 wù mí, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó tó kílò kan. 80mm f/1.7 fúyẹ́ jù ú lọ. Wọ́n ní fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ń lọ́ra. Mo fẹ́ ya ọdún Káyòkáyò ti Ẹ̀pẹ́, ẹlẹ́ṣin ò sì ní dúró dè mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì, èwo ni kí n gbé? Báwo lẹ sì ṣe ń tọ́jú lẹ́ńsì kó má bàa bu létí ọ̀sà?