Àjíǹde kọ́, àwárí ni

Ẹ kú ìjíròrò o, gbogbo ilé.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, lórí orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ẹ̀pẹ́ ti ní kí á máa pe wíwá fáìlì tó sọnù jáde láti inú hard drive àtijọ́ (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pa mọ́ sí) ní "àjíǹde fáìlì". Mo dákẹ́, torí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí n tó mọ àmì ohùn í fi sórí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kan sáárá sí i, tí ẹnì kan tún lọ kọ ọ́ ní "àjínde", láìfi àmì kankan sórí n, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ ń sọ lórúkọ. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe jẹun ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí.

Àjíǹde kẹ̀? Ta ló kú? Nínú hard drive, ààwo tí wọ́n fi nǹkan òòfà bò ló ń yí bírí. Ti inú laptop sábà máa ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ti desktop a máa yí tó 7,200. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ yín wà. Lọ́tọ̀, lórí ààwo kan náà, ni ìwé orúkọ wà, èyí tó ń sọ pé fáìlì báyìí wà níbi báyìí. Tí ẹ bá délíìtì fáìlì, ìwé orúkọ yẹn ni ẹ̀rọ ń fọwọ́ kàn: á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè ti ṣófo, kí ẹni tó bá fẹ́ máa bọ̀. Fáìlì fúnra ẹ̀ wà níbi tó wà, kò mira, títí òmíràn á fi wá jókòó lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ oníbàárà pé kó pa ẹ̀rọ, kó má gbé orin tàbí fíìmù kankan sórí ẹ̀ mọ́. Àwa náà kì í wá a lórí ẹ̀ tààrà. A ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ sórí òmíràn, orí ẹ̀dà yẹn la ó ti máa wá a. Irú ẹ̀ lẹ fẹ́ pè ní òkú?

Ẹ tún wo "jí" náà. Ẹ̀gbọ́n ní a lè sọ pé "bá mi jí fáìlì yìí". Ẹ jọ̀ọ́ sà! Tí mo bá kọ "A ń jí fáìlì níbí" sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi, ilẹ̀ ò ní ṣú kí ọlọ́pàá tó dé. Ohùn òkè ni jí ti olè, ohùn òkè náà ni jí ti ojú oorun. Kò sí àmì tó lè gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ìgbàpadà" tí màmá wa ará Àgbádárìgì mú wá sàn díẹ̀. Òun làwọn oníbàárà mi pàápàá sábà máa ń sọ. Àmọ́ ohun tí a bá ń gbà padà, ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ni. À ń gba owó padà lọ́wọ́ ajẹgbèsè, à ń gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ (tí Ọlọ́run bá ràn wá lọ́wọ́, ní Ìkòròdú yìí). Ta ló gba fáìlì lọ́wọ́ yín? Ibì kan ṣoṣo ló ti bá a mu lójú tèmi: kí àwọn ọ̀daràn ti fáìlì èèyàn pa, kí wọ́n ní àfi tó bá sanwó, bí WannaCry, ètò burúkú tó ń ti fáìlì pa, ṣe ṣe ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó fi dé àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn, ẹ pè é ní ìgbàpadà, mo fara mọ́ ọn. Ajínigbé ló wà ńbẹ̀.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ìyá aláṣọ kan gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ọmọ ẹ̀ ti gbé Windows tuntun lé ti àtijọ́ lórí, bẹ́ẹ̀ ìwé gbèsè gbogbo oníbàárà ló wà níbẹ̀: ta ló gba léèsì, ta ló gba àǹkárá, èló ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo tú hard drive náà, ti ayé ọjọ́un ni, tó ń lo wáyà pẹrẹsẹ, eruku ti dì mọ́ gbogbo etí ẹ̀. Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ó ké kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìyá ní, "Ṣé ẹ máa rí i?" Mo ní à á wò ó. Ó ní, "Ẹ má wò ó o, àwárí ni kẹ́ ẹ wá a. Àwọn tó jẹ mí lówó ń gbàdúrà kó di àwátì ni."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ibi tí Windows tuntun ti jókòó lé, àwátì. Ìyókù, àwárí, a sì rí èyí tó pọ̀ níbẹ̀.

Rí àti tì, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Wá tì, gbé tì, ṣe tì. Ìyá bàbá mi ní Ìgbógbó, ewúrẹ́ ò ní wọlé nírọ̀lẹ́ kó wá sọ pé ó ti sọnù. "Ó wà níbì kan" ló máa ń wí, títí wọ́n á fi wá a dé etí ọ̀sà. Ọjọ́ tó bá la ẹnu pe "ó ti di àwátì", kẹ́ni má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́. SSD tòde òní, èyí tó ń kó fáìlì pa mọ́ láìní ààwo tó ń yí, ló tún wá mú ọ̀rọ̀ yìí wúlò: tí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ lórí ẹ̀, kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi àṣẹ TRIM ránṣẹ́ sí i pé a ò nílò ibẹ̀ mọ́, òun náà á sì gbá ibẹ̀ mọ́ nígbà tó bá ráyè. Tó bá ti gbá a tán, àwátì ni, bí ẹ tilẹ̀ pe onímọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin alájíǹde, kí ni òdìkejì tiyín? Àìjíǹde?

Ẹnì kan wá ní "ìwárí" ló tọ́, pé àfòmọ́ ì- ló ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ, tó sì tún fi "ohun kan náà ṣá ni" parí ẹ̀. Kì í ṣe ohun kan náà. Ọba là ń wárí fún. Ẹni tó bá ń ṣe ìwárí fáìlì, ó ti dọ̀bálẹ̀ fún fáìlì nìyẹn.

Ohun tó sì pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ à- àti ì- yìí rèé. Lórí flash àti káàdì kámẹ́rà tó ń lo ètò FAT (ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ fi ń to ìwé orúkọ fáìlì), lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ ni ẹ̀rọ ń fi àmì mìíràn rọ́pò. MS-DOS 5, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn, tó jáde lọ́dún 1991, ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ UNDELETE. Tó bá rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, á bi yín pé lẹ́tà wo ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀. Ká ní AWARI lẹ sọ ọ́, ?WARI lẹ máa bá lójú ẹ̀rọ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló sọnù! Ẹ̀rọ á wá dúró dè yín, bóyá A ni, bóyá I ni. Ká sòótọ́, èyí tó bá wù yín lẹ lè tẹ̀. Ẹ̀rọ ò gbọ́ Yorùbá, àwa la gbọ́ ọ.

Àwọn tó ní nǹkan tuntun nìyí, pé ọ̀rọ̀ tuntun ló yẹ ẹ́: ọdún 1956 ni IBM ti gbé hard drive àkọ́kọ́ jáde, Nàìjíríà ò tíì gbòmìnira. Ààwo 50 ló ní, gbogbo ohun tó sì lè gbà ò tó mẹ́gábáìtì 5. Ó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ wa níbí lọ.

Mi ò dá sí ìjà lórí "fáìlì". Ẹni tó ní Gẹ̀ẹ́sì ni, ká lé e lọ, kó kọ́kọ́ lé "mọ́fíìmù" àti "fóníìmù" àwọn onímọ̀ èdè tóun náà ń kọ káàkiri níbí lọ.

Mo sì rí i tí ẹ̀gbọ́n ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé wọn pé "ìfọ̀mọ́" ló kàn, fún format, ìyẹn títún hard drive tò bí òfìfo. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Lórí hard drive, quick format (èyí tó ń yá) kì í fọ nǹkan kan mọ́, ìwé orúkọ lásán ló ń tún kọ. Gbogbo fáìlì yín ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹni bá ta kọ̀ǹpútà ẹ̀ nítorí pé ó gbà pé ó ti "fọ̀ mọ́", ẹni tó rà á lè máa ka ìwé gbèsè ẹ̀. Ẹ wá òmíràn wá.