Ọlọ ìyá àgbà mi nínú kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọlọ ìyá àgbà mi kọ́ mi.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lórí ipa tí lílò ń fi sára òkúta tí àwọn ará àtijọ́ lọ̀ títí ó fi dán, irú edùn àrá tí àgbẹ̀ máa ń bá lóko. Wọ́n hú irú rẹ̀ ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí Thurstan Shaw, onímọ̀ tó ń wú ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀, gbẹ́ ibẹ̀ lọ́dún 1965. Ìpele òkè tí àpáàdì wà ló ti jáde. Àwọn oníṢàngó ní ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ọwọ́ ènìyàn tó wà lára rẹ̀ lèmi ń wá.

Ọ̀gá mi ní kí n kọ́kọ́ fi ọlọ ilé wa dánra wò. Ti ìyá àgbà mi ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mo ya fọ́tò 140 yí i ká, ọ̀kan ń gun orí èkejì kí kọ̀ǹpútà lè rí ibi tí yóò ti so wọ́n pọ̀ di àwòrán ọlọ kan tó ṣeé yí wò, mo sì gbé rúlà tì í kí ìwọ̀n má bàa ṣì. Gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀sán gangan ni mo yà á, oòrùn ń kọ mànà lójú ọlọ, kọ̀ǹpútà sì sọ ibẹ̀ di ihò. Mo tún un yà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ojú ọ̀run ṣú.

Mo wá fi àwọ̀ ya ibi tó jìn sọ́tọ̀ sí ibi tó ga nínú àwòrán náà. Létí ọlọ, àwọn ojú tóótòòtó ṣì wà níbi tí wọ́n ti fi òkúta líle sọ ọ́ nígbà tó yọ̀ jù, kó lè tún máa gé ata. Láàárín, gbogbo rẹ̀ ti jẹ tán. Ṣùgbọ́n ibi tó jìn jù kò sí láàárín rárá. Òsì ló fì sí, ó fi mílímítà 4 jìn ju ọ̀tún lọ.

Mo pe màmá mi. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọwọ́ òsì ni ìyá ń lò ni?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ta ló sọ fún ẹ? Orí igi kòkó ni wọ́n ti já bọ́, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lágbára mọ́. Òsì ni wọ́n fi ń tẹ ọmọ ọlọ.”

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá gbé edùn síwájú kámẹ́rà, ìhà tí ẹnu rẹ̀ fì sí ni mo kọ́kọ́ ń wò.