Ta ló ti dé ibùdó àgbá Longues-sur-Mer rí?

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ lọ wo ibùdó àgbá (ìbọn ńlá) tí àwọn Jámánì kọ́ sí etíkun Normandy, nílẹ̀ Faransé, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣé èèyàn lè wọ inú rẹ̀? Òkùnkùn máa ń bà mí lẹ́rù.

— Ẹ lè wọ̀ ọ́. Ilé kọnkéré mẹ́rin ni, àwọn àgbá ṣì wà níbẹ̀. Mo gbọ́wọ́ lé irin ọ̀kan, ara mi bù máṣọ. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, HMS Ajax, yìnbọn lù wọ́n ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, 1944. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání.

— Ilé ìṣọ́ wà létí òkè gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ bèbè o, ilẹ̀ lè ya!

— Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ra tọ́ọ̀ṣì.