Ṣé ọmọ ọdún mẹ́ta àti ọmọ oṣù mẹ́wàá lè bá wa gun òkè ní Colorado?

Ìyá Ọmọ Méjì, Houston

Ẹ̀yin òbí wa, mo kí yín o. Àbúrò ọkọ mi tí ó ń gbé ní Denver ní kí á wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun ní oṣù keje, ó sì wù wá láti mú àwọn ọmọ dé Rocky Mountain National Park. Ètò wa ni pé a óò wọ bàálù ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, a óò ti pápákọ̀ òfuurufú wakọ̀ tààrà lọ sùn ní ìlú Estes Park, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, a óò rin ọ̀nà tí ó ti Bear Lake lọ sí Emerald Lake. Ẹ̀gbọ́n, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Àbúrò, tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, yóò wà ní ẹ̀yìn mi. Ní kékeré mi, mo gun Òkè Ìdànrè dé òkè pátápátá, nítorí náà ìrìn gan-an kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó èèyàn í mí. Báwo ni n óò ṣe mọ̀ bí ó bá ń ni ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ lára?

Bàbá Ìbejì, Denver

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn àjò, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Ìdànrè wé e. Gíga Òkè Ìdànrè kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 lọ, bẹ́ẹ̀ Denver fúnra rẹ̀ ti wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5,280 kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan. Estes Park lé ní 7,500, Bear Lake jẹ́ 9,475, Emerald Lake sì kọjá 10,000. Ọ̀nà yẹn kò tó máìlì méjì ní àlọ, nítorí náà kì í ṣe jíjìn rẹ̀ ni ìṣòro, bí kò ṣe pé ẹ fẹ́ kó ọmọ láti ilẹ̀ Houston, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba, dé ibi gíga bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ní ọdún tí àwọn ìbejì mi pé mẹ́rin, mo wa ọkọ̀ gba Trail Ridge Road, níbi tí títì ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12,183. Oyún kan náà, oúnjẹ kan náà, ṣùgbọ́n bí Táíwò ti ń sáré kiri níbi tí a ti dúró, bẹ́ẹ̀ ni Kẹ́hìndé jókòó, ó di chin-chin kan ṣoṣo mú láàárín ìka méjì fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kò fi kan ẹnu. Mo rò pé ọkọ̀ ni ó ń kọ̀ ọ́ lára, mo sì ní kí á tẹ̀ síwájú. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ rọ̀ jọwọrọ. Ìgbà yẹn ni ìyá wọn ní kí n yí ọkọ̀ padà. Kí a tó dé Estes Park, ó ti béèrè omi, ó sì béèrè chin-chin rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí pé mo fi ìdajì wákàtí yẹn ṣòfò.

Bí ó bá jẹ́ èmi, n óò sùn ní Denver fún òru méjì kí n tó lọ sí Estes Park, n óò sì kọ́kọ́ yí Sprague Lake po, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sì tó máìlì kan. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, kí ẹ ti máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ kí ó tó di ọ̀sán, torí àrá a máa sán lórí àwọn òkè wọ̀nyí lọ́sàn-án oṣù keje.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé, Aurora

Bàbá Ìbejì ti sọ ojú abẹ níkòó. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí èémí kan ń gbé wọlé ní Houston ni yóò gbé wọlé ní Emerald Lake. Àgbàlagbà yóò ní orí ń fọ́ òun. Ọmọ oṣù mẹ́wàá yóò kàn máa sunkún tí ọmú kò lè pa, yóò kọ oúnjẹ, yóò máa ta jí lóru, tàbí kí ó bì. Ẹ gbà pé òkè ni ó fà á títí dìgbà tí ẹ bá rí ìdí mìíràn, ẹ dúró, bí kò bá sì rọlẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí ó wà ní ìjókòó, tàbí tí èyí ẹ̀gbọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn. Bí ọ́síjìn kò bá tó, ètè àwọn ọmọ tiwa kì í tètè fi í hàn. Inú ẹnu, ahọ́n àti erìgì ni kí ẹ wò bóyá ó ti ń ní àwọ̀ aró. Ọmọ tí ọ̀fìnkìn bá ń bá jà kò gbọdọ̀ lọ ní ọjọ́ yẹn.

Màmá, kí ni jẹ́nótáìpù wọn?

Ìyá Ọlọ́mọ Ẹ̀yìn, Fort Collins

Ẹ rántí pé ẹ̀yin ni ẹ óò máa làágùn, ọmọ tí ó wà lẹ́yìn yín kò mira. Mo ti sọ tèmi kalẹ̀ rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bíi yìnyín nígbà tí aṣọ mi rin fún òógùn. Ẹ máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Ìyá Ọmọ Méjì, Houston

Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti yí ètò padà, Denver ni a óò kọ́kọ́ sùn. AS ni ẹ̀gbọ́n, AA ni àbúrò.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé, Aurora

Bí ó bá jẹ́ SS tàbí SC ni, n kò ní gbà kí ẹ gbé e lọ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i, nítorí bí ọ́síjìn kò bá tó, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀ bíi dòjé, yóò sì dí ojú iṣan. AS kì í sábà ní wàhálà ní irú gíga yìí, ṣùgbọ́n ẹ máa fún un ní omi, ẹ má jẹ́ kí ó rìn kọjá agbára rẹ̀. Bí ó bá di ìhà òsì rẹ̀ mú tí ó ní inú ń dun òun, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé AS ni kí ó tó béèrè.