Kì í ṣe ìwé àdáni: orúkọ wo ló yẹ ìwé tí rábì fi sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo èsì tó wọlé lórí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa: kí ni ká máa pe àpapọ̀ lẹ́tà, àkọsílẹ̀ àti iṣẹ́ ìwádìí tí rábì, ìyẹn olórí ẹ̀sìn Júù kan, fi sílẹ̀ nígbà tó kú? Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀: “ìwé àdáni àlùfáà Júù”, “ogún ìwé” àti “àfọwọ́kọ”. Mo ní ti èmi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ná.

Àlùfáà kọ́kọ́. Nínú Bíbélì wa, àlùfáà ni ọmọ Áárónì tó ń rúbọ. Rábì kì í rúbọ. Olùkọ́ ni, onídàájọ́ ni, òun ni wọ́n ń kọ̀wé ìbéèrè òfin ránṣẹ́ sí. Bí a bá ń wá ẹni tó jọ ọ́ nílé wa, àáfà tó mọ kéwú dáadáa, tí gbogbo àdúgbò ń bi léèrè ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́, ló sún mọ́ ọn jù. Ìwé Jòhánù sì ti fi “Rábì” sí wa lẹ́nu tipẹ́, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Olùkọ́ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni “ìwé”. Lẹ́tà, ìwé ni. Ojú ewé kan ṣoṣo, ìwé ni. Odidi ìwé tí wọ́n dì, ìwé náà ni. Bí mo bá sọ pé “àwọn ìwé Maimonides”, Mishneh Torah, ìwé òfin Júù tó kọ, ni yóò sọ sí yín lọ́kàn, kì í ṣe lẹ́tà tó wà nínú àpótí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi òun náà dán àwọn àbá yìí wò. Maimonides yìí, ìyẹn Mósè ọmọ Maimon, ará Córdoba, tó kú ní Íjíbítì ní 1204, ni olórí àwọn Júù níbẹ̀, ó sì ń ṣe oníṣègùn láàfin. Inú gẹnísà (yàrá tí wọ́n ń kó ìwé gbígbó sí) ti sínágọ́gù Ben Ezra ní Fustat, ìyẹn Káírò àtijọ́, ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Láti ibẹ̀ ni Solomon Schechter ti kó nǹkan bí 193,000 àjákù ìwé lọ sí Cambridge ní 1896 sí 1897.

“Àdáni” kò bá wọn mu. Ohun tí kì í ṣe ti ìjọba là ń pè ní àdáni: ilé-ìwé àdáni, ilé ìwòsàn àdáni. Lẹ́tà kan wà tí Maimonides fọwọ́ sí, tó ń bẹ àwọn ìjọ pé kí wọ́n dá owó láti ra àwọn tí ogun kó lẹ́rú padà. Ta ló lè pe ìyẹn ní àdáni?

“Ogún” ńkọ́? Ogún ní ẹni tó ń jẹ ẹ́. Gẹnísà kì í ṣe ilé ìṣúra, bí ẹnì kan ṣe túmọ̀ rẹ̀ níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ibi tí wọ́n ń kó ìwé tó ti gbó sí ni, kí orúkọ Ọlọ́run tó wà lára rẹ̀ má bàa di ohun ààtàn. Mùsùlùmí ilé wa náà kì í ju ojú ewé Àlùkùráánì tó ti ya dànù bákan ṣáá. Ti Ben Ezra, ihò kan lókè ògiri ni wọ́n ń gbà jù wọ́n sínú, àkàsọ̀ lèèyàn sì fi ń dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tó jogún wọn. (Ní tèmi, “gẹnísà” náà ni ká máa pè é.)

“Àfọwọ́kọ” ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí lọ́kàn. Ó bá ojú ewé Mishneh Torah tó wà ní Oxford mu, níbi tí ọ̀gá náà ti fa ìlà pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́, tó tún fi òmíràn há àárín ìlà. Ó bá èsì ìbéèrè òfin mu pẹ̀lú: lórí tákàdá kan náà tí oníbèéèrè kọ ni yóò ti dáhùn nísàlẹ̀, yóò wá parí rẹ̀ pé Mósè ló kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà Dáfídì wà níbẹ̀. Dáfídì ni àbúrò rẹ̀, oníṣòwò, òun ló ń bọ́ ilé. Láti èbúté Aydhab ní etí Òkun Pupa ló ti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun kò rí ọjà kankan rà àfi aró, òun yóò wọkọ̀ lọ sí Íńdíà. Kí ó fi ọkàn ìyàwó òun balẹ̀, Ọlọ́run tó yọ òun nínú aṣálẹ̀ yóò yọ òun lójú omi. Ó bómi lọ. Maimonides dùbúlẹ̀ àìsàn fún bí ọdún kan. Lọ́dún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Acre pé ìgbàkígbà tí òun bá rí ìwé tí ọwọ́ Dáfídì kọ, ọkàn òun a dàrú. Lẹ́tà tí Dáfídì kọ yìí wà ní Cambridge lónìí. Maimonides kọ́ ló kọ ọ́, síbẹ̀ kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ jù ú lọ nínú gbogbo àjákù yẹn.

Nítorí náà, “ìwé ọwọ́” ni mo mú wá. Ìwé ọwọ́ Maimonides: èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ, èyí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, èyí tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. A ti ń sọ iṣẹ́ ọwọ́, a ń sọ owó ọwọ́. Kò ní ṣàjèjì létí. Ẹni tó bá bẹ̀rù pé wọn yóò rò ó sí ìwé kékeré àmúlọ́wọ́, kí ó fi orúkọ olówó rẹ̀ tì í, yóò yé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdí láti ya ti ìwádìí sọ́tọ̀ kúrò lára ti ara ẹni. Inú gẹnísà kan náà ni gbogbo wọn dàpọ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n tó mú “ogún ìwé” wá, ẹ má bínú sí mi. Ti Abraham Joshua Heschel yàtọ̀, rábì tó bá Martin Luther King wọ́de fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Selma, ní Amẹ́ríkà, ní 1965, tó kú ní 1972. Ìwé tirẹ̀ ní ẹni tó jogún rẹ̀, ìyẹn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó sì wà ní Yunifásítì Duke báyìí. Ó lè jẹ́ pé irú ìyẹn ni ogún ìwé yóò bá mu, kí ìwé ọwọ́ sì jẹ́ orúkọ gbogbogbò. Kí lẹ rí sí i?